Ọjà Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Tún Ṣe: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ní Kióósì Nínú Mọ́ọ̀lù

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní kióósì nínú mọ́ọ̀lù ń bi mí léraléra: owó díẹ̀ ló wà lọ́wọ́, ṣé kí n fi kó ọjà tó dára sí i ni, àbí kí n fi kọ́ àwọn tó ń bá mi tajà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe sí oníbàárà? Ìdáhùn mi kò yí padà. Ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ẹnu yín ṣe, ìyẹn ìlérí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lórí ọjà náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ìtọ́jú oníbàárà. Ẹni tó bá fi ẹ̀rín àti ọ̀yàyà ta ọjà tí kì í pẹ́ bàjẹ́, ńṣe ló ń yára kó àwọn tó máa bà á lórúkọ jẹ́ jọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní 1980, Richard Oliver, onímọ̀ nípa ọjà títà ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé inú ìfiwéra ni ìtẹ́lọ́rùn ti ń wá: oníbàárà á gbé ohun tó ń retí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó rí gbà. Bí èyí tó rí bá ju èyí tó retí lọ, inú rẹ̀ á dùn. Bó bá kéré sí i, wàhálà dé. Ní kióósì, ẹnu olùtajà ló sábà máa ń gbin ìrètí yẹn, torí oníbàárà kò ti ilé bọ̀ tìtorí ọjà yín. Ó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ni.

## Ohun tó ya kióósì sọ́tọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù

Kióósì kò ní ilẹ̀kùn. Àárín ọ̀nà ló wà, èrò ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, ojú gbogbo wọn sì wà lára ẹni tó dúró rajà. Kò sí àga, kò sí ibi tí èèyàn ti lè rọra ronú. Ìpinnu níbẹ̀ máa ń yá, àbámọ̀ náà sì máa ń yá.

Ìkejì ni ìbẹ̀rù kan tí oníbàárà kì í fẹnu sọ: "Ṣé màá ṣì bá àwọn wọ̀nyí níbí bí nǹkan yìí bá bàjẹ́?" Kióósì rọrùn láti tú palẹ̀, àdéhùn oṣù díẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ní pẹ̀lú àwọn tó ni mọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, rìsíìtì tó ní nọ́ńbà kióósì àti nọ́ńbà fóònù máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ ju ẹ̀rín lọ.

## Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé kan fún àròyé: ọjọ́, ọjà wo, kí ló ṣẹlẹ̀, kí lẹ ṣe sí i.
- Fóònù kan àti ṣájà kan tó dá yín lójú, èyí tẹ́ ẹ ó máa fi dán ọjà wò.
- Rìsíìtì tó ní orúkọ yín, nọ́ńbà kióósì, àjà tẹ́ ẹ wà, àti nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan máa ń gbé.
- Ṣéńjì tó pọ̀ tó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.
- Ẹ̀dà àdéhùn yín pẹ̀lú mọ́ọ̀lù. Ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sọ ibi tí olùtajà lè dúró dé, bí ọjà ṣe lè ga tó, àti bóyá ẹ lè máa pe èrò. Olùtajà tó mọ̀ pé òun ń rú òfin kì í fọkàn balẹ̀ tajà.

## Apá kìíní: Ẹ yẹ ọjà wò kó tó dé orí àtẹ

1. Nígbà tí ẹrù tuntun bá dé, ẹ má fi èyí tó wà lókè páálí nìkan dán an wò. Ẹ mú díẹ̀ láti àárín, kẹ́ ẹ sì mú díẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn kan tó ń kó ọjà fúnni mọ bí wọ́n ṣe ń to èyí tó dára sókè.
2. Kẹ́ ẹ tó ra púpọ̀ nínú ọjà tẹ́ ẹ kò tà rí, ẹ ra ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì lò ó fúnra yín fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ọjà tó máa já yín kulẹ̀ sábà máa ń fi àmì hàn láàárín àsìkò yẹn.
3. Gbogbo ohun tó ń lo iná, ẹ tan án kó tó dé orí àtẹ. Okùn ṣájà, ẹ fi í sínú fóònù, kẹ́ ẹ rọra mì í níbi tí orí rẹ̀ ti pàdé okùn. Bí iná bá ń wá tó ń lọ, kó má dé orí àtẹ rárá.
4. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, kẹ́ ẹ sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. (Mo máa dúró díẹ̀ lórí èyí nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.)
5. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹrù dé sára páálí. Nígbà tí àròyé bá ń wá lórí ọjà kan, ẹ ó mọ̀ bóyá gbogbo ọjà náà ló bàjẹ́ àbí ẹrù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
6. Èyí tó bá kùnà, ẹ yà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ dá a padà fún ẹni tó kó o wá. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tó dára ní èrò pé ẹnì kan á ṣèèṣì gbé e.

### Àwọn nọ́ńbà ara páálí tó ń dá ìjà sílẹ̀

Power bank. Òun ló ń mú kí oníbàárà padà wá pẹ̀lú ìbínú jù lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò lásán ni. Wọ́n kọ 10,000 mAh sára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú. Ti bátìrì inú rẹ̀ ni iye yẹn, nǹkan bíi fólítì 3.7 ni bátìrì náà sì fi ń ṣiṣẹ́. Fólítì 5 ló máa ń gbé jáde sí fóònù. Ẹ sọ 10,000 di ìlọ́po 3.7, kẹ́ ẹ wá pín in sí 5: 7,400 ló kù. Díẹ̀ á tún bá ooru lọ nínú ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh kò lè fi gba iná kún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni. Olùtajà tó bá sọ pé "ẹ̀ẹ̀mejì gbáko" ti ba ọjà tó dára jẹ́ kí oníbàárà tó dé ilé. Bó bá sì jẹ́ pé arìnrìn-àjò ni, ẹ sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í sábà gba èyí tó ju 100 Wh lọ láìgba àṣẹ, ìyẹn nǹkan bíi 27,000 mAh, àti pé báàgì àfọwọ́gbé ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀.

Okùn USB-C. Gbogbo wọn jọra lójú, wọn kò jọra nínú. Èyí tó wọ́pọ̀ ń gbé iná tó 60 wáàtì. Èyí tó ń gbé 100 tàbí 240 gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú orí rẹ̀ tó ń sọ agbára okùn náà fún ṣájà. Àwọn okùn kan sì wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gbé àwòrán tàbí fáìlì. Ẹ bi oníbàárà: kọ̀ǹpútà ni àbí fóònù?

Gíláàsì ojú fóònù. "9H" tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi pẹ́ńsù ṣe. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí òkúta ṣe le tó yàtọ̀ sí i. Yanrìn lè ha gíláàsì yìí. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan kan kò lè hà á ń purọ́, bí kò bá tilẹ̀ mọ̀.

Aago ọwọ́. Bí wọ́n bá kọ mítà 30 síbẹ̀, kì í ṣe pé èèyàn lè wọ̀ ọ́ wẹ odò. Ó lè gba òjò díẹ̀ àti omi tó ta sí i nígbà tí èèyàn bá ń fọwọ́, ó parí. Ẹ̀rọ etí tó ní IPX4 náà rí bẹ́ẹ̀, omi tó ta sí i nìkan ló lè gbà.

Gíláàsì oòrùn. Ẹ wá UV400, àmì pé ó ń dí ìtànṣán oòrùn tó ń ba ojú jẹ́. Gíláàsì tó dúdú tí kò ní ààbò lè burú ju kí èèyàn má wọ nǹkan kan lọ, torí ọmọlójú á fẹ̀ nínú òkùnkùn rẹ̀, ìtànṣán á sì ráyè wọlé sí i.

Yẹtí àti ẹ̀gbà. 925 jẹ́ fàdákà, ìdá 92.5 nínú 100. 750 jẹ́ wúrà 18K. Èyí tí wọ́n kàn fi wúrà pa lára á ṣí bó pẹ́ bó yá, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ sì béèrè bóyá ara oníbàárà máa ń yún bó bá wọ irin, torí nickel, irin kan tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ló sábà máa ń fà á.

Lọ́fínńdà àti ìpara. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń ba lọ́fínńdà jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kan á gbé ìgò rẹ̀ sábẹ́ gílóòbù tó ń jó fòfò torí kó lè máa dán. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ní ti ìpara, àwòrán ìgò kékeré tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sínú rẹ̀, ń sọ iye oṣù tí èèyàn lè fi lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i. Ìgò ìdánwò tẹ́ ẹ ṣí sórí àtẹ náà wà lábẹ́ òfin yìí, àmọ́ ta ló ń kọ ọjọ́ sí i? Ẹ máa kọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ́tè ìdánwò kan ètè rẹ̀, ẹ fi òwú tàbí igi kékeré tẹ́ ẹ ó jù nù fi í sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

## Apá kejì: Ẹ tún ẹnu yín ṣe

Lóòótọ́, ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ìpolówó tó bá ju ọjà lọ á di gbèsè, oníbàárà á sì wá gbà á.

1. Fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀: ohun tó ń ṣe, ohun tí kò lè ṣe, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi í sí ibi tí olùtajà lè rí i, tí oníbàárà kò ní rí i.
2. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ọ sórí. Ẹ bi wọ́n bí ẹni pé ẹ̀yin ni oníbàárà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó sọ pé "ẹ jẹ́ kí n wò ó", kó má hùmọ̀ ìdáhùn.
3. Ẹ sọ àbùkù ọjà kó tó sanwó. Mo mọ̀ pé èyí máa ń ba àwọn olùtajà lẹ́rù. Àwọn kan á lọ, òótọ́ ni, àmọ́ àwọn yẹn gan-an ni ì bá padà wá béèrè owó wọn.

Àpẹẹrẹ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà:

- Dípò "kò lè bàjẹ́ láé": "Bó bá bàjẹ́ láàárín oṣù kan, tí kì í ṣe pé ó já bọ́, ẹ gbé e wá, a ó pààrọ̀ rẹ̀."
- Dípò "ojúlówó ni": "Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yín ló ṣe é, ṣùgbọ́n a ti dán an wò pẹ̀lú irú fóònù yìí."
- Dípò "á wà lára yín tílẹ̀ á fi ṣú": "Ẹ fín in sọ́wọ́, kẹ́ ẹ rìn yí mọ́ọ̀lù ká, kẹ́ ẹ padà wá."

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òórùn tí lọ́fínńdà kọ́kọ́ ń mú jáde kì í pẹ́ tán, òmíràn ló máa ń wà lára èèyàn títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rà á lójú ẹsẹ̀ ra òórùn tó máa tó lọ. Ẹni tó bá lọ yí ká tó sì padà wá ti mọ ohun tó ń rà. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn mìíràn kò ní padà wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ìkìlọ̀: bó bá jẹ́ pé iye ọjà tí òṣìṣẹ́ tà nìkan lẹ fi ń san owó lé owó oṣù rẹ̀, gbogbo apá kejì yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ yọ owó ọjà tí wọ́n dá padà kúrò nínú iye tó tà. Ẹ ó rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe máa rọ̀.

## Apá kẹta: Láti ìgbà tó dúró títí ó fi lọ

1. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má dí i lọ́nà, ẹ má fín nǹkan sí i lára láìgba àṣẹ, ẹ má sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n bá lé lẹ́ẹ̀kan máa ń gba apá kejì ọ̀nà kọjá láti ọjọ́ náà lọ.
2. Ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe kẹ́ ẹ tó fi ọjà hàn án. "Irú fóònù wo ni?" sàn ju "ẹ wo èyí, ó ń tà gan-an" lọ.
3. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ohun tí gíláàsì kióósì dí mọ́nú kì í yára tà.
4. Ẹ lẹ iye owó mọ́ ọjà. Ibi tí kò bá ti sí iye, oníbàárà á rò pé aṣọ ọrùn òun lẹ fẹ́ wò kẹ́ ẹ tó dá iye lé e. Bẹ́ ẹ bá gba kí wọ́n máa ná ọjà, kó jẹ́ fún gbogbo èèyàn.
5. Ẹ dán èyí tó fẹ́ gbé lọ wò lójú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó wà lórí àtẹ o, èyí tó wà nínú páálí tirẹ̀ gan-an. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé yìí, èyí ni. Ìṣẹ́jú kan ló máa gbà. Ó ń fi hàn pé ọjà dára, ó sì ń fi hàn pé ẹ bìkítà. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó kúrò lọ́wọ́ yín.
6. Ẹ gba owó kíákíá. Bí ẹ̀rọ POS kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ kó tó yan ọjà. Ìbínú ẹni tó ti yan ọjà tán, tó wá gbọ́ pé owó kò lè wọlé, kì í ṣe kékeré.
7. Ẹ fún un ní rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì fẹnu sọ àdéhùn tó wà lára rẹ̀. "Ọjọ́ méje, pẹ̀lú páálí rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa níbí."

Noriaki Kano, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Japan, kọ̀wé ní 1984 nípa àwọn nǹkan tí wíwà wọn kì í dùn mọ́ oníbàárà nínú, ṣùgbọ́n tí àìsí wọn máa ń bí i nínú. Ṣéńjì, àpò tí wọ́n ń gbé ọjà sí, POS tó ń ṣiṣẹ́, rìsíìtì: inú ìsọ̀rí yẹn ni gbogbo wọn wà. Ẹnikẹ́ni kò ní yìn yín pé ẹ ní ṣéńjì. Ẹ ṣáà ní i.

### Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tí èrò sì pọ̀

Ní 1985, David Maister, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ajé, kọ nípa bí ìdúró ṣe máa ń rí lára èèyàn: èyí tí ọwọ́ bá dilẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń gùn ju èyí tí èèyàn ń rí nǹkan ṣe lọ, èyí tí wọn kò sì ṣàlàyé máa ń gùn ju èyí tí wọ́n ṣàlàyé lọ. Ó bá kióósì mu wẹ́kú.

- Ẹ gbójú sókè, kẹ́ ẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Ẹ kú ìdúró, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló kàn yín."
- Ẹ fún un ní nǹkan yẹ̀ wò: ìgò ìdánwò, àwọ̀ ìbòrí fóònù tó wà, ìwé iye owó.
- Bó bá máa pẹ́, ẹ sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ fi díẹ̀ lé iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ rò.
- Ẹ má fi ẹni tó ń sanwó lọ́wọ́ sílẹ̀ torí ẹni tó kàn ń béèrè iye.

## Apá kẹrin: Nígbà tí oníbàárà bá gbé ọjà padà wá

1. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má bàa di pé ó ń pariwo láàárín èrò. Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.
2. Ẹ tún ohun tó sọ sọ fún un: "Ó ń gba iná, ṣùgbọ́n kì í kún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"
3. Ẹ jọ dán an wò. Nígbà míì, ṣájà ilé rẹ̀ ló bàjẹ́. Kí ojú òun fúnra rẹ̀ rí i, ẹ má fẹnu sọ ọ́ sí i létí bí ẹni ń bá a wí.
4. Bó bá wà láàárín ọjọ́ tẹ́ ẹ dá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kó yan èyí tó wù ú.
5. Ẹ parí rẹ̀ níbẹ̀, lọ́jọ́ náà. Nítorí ìdí yìí, ẹ dá iye kan tí òṣìṣẹ́ lè dá padà láìpe yín lórí fóònù. "Ọ̀gá ò sí nílé, ẹ padà wá lọ́la" ló ń sọ àròyé kékeré di ẹjọ́.
6. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìkìlọ̀: láti 1992 ni àwọn onímọ̀ ọjà títà ti ń sọ pé oníbàárà tí wọ́n bá yanjú àròyé rẹ̀ dáadáa lè nífẹ̀ẹ́ yín ju ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rárá lọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ọgbọ́n ìtajà. Bí ọjà tẹ́ ẹ fi pààrọ̀ náà bá tún kùnà, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbà á. Ẹ dán èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò wò lẹ́ẹ̀mejì.

## Apá karùn-ún: Ẹ mọ̀ bóyá ọjà ni àbí ìtọ́jú ló ń ba nǹkan jẹ́

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè "ṣé inú yín dùn?" nígbà tí oníbàárà ń gba ṣéńjì. Ìtọ́jú nìkan ni ìdáhùn yẹn lè sọ nípa rẹ̀, torí oníbàárà kò tíì lo ọjà. Àsìkò méjì ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè.

1. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù oníbàárà, bó bá gbà. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa kọ ránṣẹ́ sí i. Kó sì rí bẹ́ẹ̀.
2. Lọ́jọ́ náà, kó tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kó fi 1 (rárá) sí 5 (bẹ́ẹ̀ ni gan-an) dáhùn gbólóhùn mẹ́ta: "Wọ́n dá mi lóhùn lásìkò." "Ẹni tó tà á fún mi mọ ọjà náà dunjú." "Ohun tó gbé mi wá ló jẹ ẹ́ lógún."
3. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi mẹ́ta yòókù ránṣẹ́: "Ọjà náà rí bí wọ́n ṣe sọ." "Ó ń ṣe ohun tí mo rà á fún." "Màá tún rajà níbẹ̀."
4. Ẹ má fi ìpíndọ́gba nìkan díwọ̀n. Ẹ wo iye àwọn tó mú 1 àti 2, kẹ́ ẹ sì pe wọ́n.

Bí ẹ ṣe máa ka èsì rẹ̀:

- Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ga, ti ọ̀sẹ̀ kejì lọ sílẹ̀: ọjà tàbí ìlérí ni. Bí "ó rí bí wọ́n ṣe sọ" bá kéré ju "ó ń ṣe ohun tí mo rà á fún" lọ, ẹnu ni, ọjà kò ṣẹ̀.
- Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ kejì ga: ọjà yín dára, àwọn èèyàn ń fara da yín ni. Kióósì mìíràn tó ń ta irú rẹ̀ lè gba wọ́n lọ́wọ́ yín wẹ́rẹ́.
- Méjèèjì lọ sílẹ̀: ẹ padà sí apá kìíní, ẹ má náwó lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ná.

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ọjà títà mẹ́ta, Parasuraman, Zeithaml àti Berry, gbé jáde ní 1988, SERVQUAL ni wọ́n ń pè é. Gbólóhùn 22 ló ní, ó sì pín ìtọ́jú oníbàárà sí márùn-ún: ohun tí ojú rí, mímú ìlérí ṣẹ, yíyára dáhùn, ìmọ̀ tó ń fọkàn ẹni balẹ̀, àti fífi ara ẹni sípò oníbàárà. Gbólóhùn 22 ti pọ̀ jù fún ẹni tó ra ìbòrí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí wọn, mímú ìlérí ṣẹ ló sábà máa ń gba ipò kìíní, ohun tí ojú rí ló sì sábà máa ń wà lẹ́yìn. Kẹ́ ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ tún kióósì kùn kọ́jà tó lè tà.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi oríṣiríṣi ọjà kún kióósì títí olùtajà kò fi mọ ìkankan nínú wọn dunjú. Ọjà ogún tí ẹ mọ̀ sàn ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ kò mọ̀ lọ.
- Fífi fóònù sójú nígbà tí èrò ń kọjá. Kò sí ògiri tó bo olùtajà kióósì, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń wò ó.
- Jíjẹun lórí àtẹ.
- Kíkọ "a kì í gba ọjà padà" gàdàgbà sójú kióósì. Lójú ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹ lè kó lọ lọ́la, ó dà bíi pé ẹ ti jẹ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin kò tilẹ̀ fàyè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ọjà bá ní àbùkù.
- Dídín iye owó kù láti fi tu oníbàárà tí inú ń bí lójú. Ṣájà tí kò ṣiṣẹ́ kò wúlò ní ìdajì owó.

## Bí owó kò bá tó láti ṣe gbogbo rẹ̀

Ẹ lè má rí owó ra ọjà tó dára ju èyí tẹ́ ẹ ní lọ báyìí. Ẹ dín irú ọjà kù: ẹ wo ìwé àròyé, ẹ yọ ọjà méjì tó ń mú àròyé wá jù lọ kúrò lórí àtẹ, kódà bí wọ́n bá ń tà. Ẹ fi owó wọn kún èyí tó kù.

Bí ẹ kò bá lè gba òṣìṣẹ́ kejì, ẹ mọ wákàtí tí èrò máa ń pọ̀ jù, kẹ́ ẹ gba ẹnì kan fún wákàtí yẹn nìkan. Bí ẹ kò bá lè fún wọn ní wàrántì oṣù kan, ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ máa mú ṣẹ láìjiyàn.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín kì í sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí olùtajà àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ jọ wà pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bá ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Kí wọ́n ka ìwé àròyé ọjọ́ náà, kí ẹni tó ń lọ sọ ẹni tó ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀ àti ohun tó ní kí wọ́n bá òun pa mọ́, kí wọ́n sì jọ tan gbogbo ọjà ìdánwò wò.